Igi Ni Tiwa, Ta Ni Ó Ni Ìwé?

Ọ̀rọ̀ ìwé àti páálí ni ọ̀rọ̀ tòní. Ìwé tí ọmọ ń kọ ní Agọ́-Ìwòyè, páálí tí a fi di ọṣẹ ní ọjà Ìjẹ̀bú-Igbó, igi ni orísun wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń jẹ èrè igi náà?

Ní àtijọ́, àkísà ni àwọn ará Yúróòpù fi ń ṣe ìwé. Ní 1844 ni ọmọ Jámánì kan, Friedrich Gottlob Keller, ṣe ẹ̀rọ tí ó ń lọ igi títí yóò fi rọ̀ bí ògì. Láti ìgbà náà ni orílẹ̀-èdè tí ó ní igbó àti odò, bí Swídìn àti Fínlándì, ti ń lówó nínú òwò yìí.

Ẹ wo Fínlándì. Títí di 1917, Rọ́ṣíà ni oníbàárà rẹ̀ pàtàkì. Nígbà tí ìjọba dojú rú níbẹ̀, ọjà náà bọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ Fínlándì kò káwọ́ gbera. Ní 1918 wọ́n dá ẹgbẹ́ títà kan sílẹ̀ tí à ń pè ní Finnpap, wọ́n sì kó ìwé wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di 1984, a ti mú owó ibodè kúrò lórí ìwé wọn ní àwọn ilẹ̀ Ọjà Àjọṣe Yúróòpù. Lónìí, Jámánì ni ó ń ṣe ìwé jù ní Yúróòpù, ó ń tà, ó sì ń rà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rà ju bí ó ti ń tà lọ. Ìwé ìròyìn ti dínkù nítorí tẹlifóònù alágbèéká, ṣùgbọ́n páálí gbèrú, nítorí ọjà tí a ń fi ránṣẹ́ sí ilé oníbàárà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì yí ẹ̀rọ wọn padà láti bá a mu.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní 1975 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ ìwé Ìwópin sílẹ̀ ní etí ọ̀sà. A gbin igi Gmelina rẹpẹtẹ sí igbó ọba ní J4 kí ilé iṣẹ́ náà lè rí igi lò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà falẹ̀, kò sì kẹ́sẹ járí bí a ti rò. Okùn inú Gmelina kúrú. Ìwé tí ó lágbára ń fẹ́ okùn gígùn ti igi páìnì, èyí tí a ní láti rà láti òkè òkun. Iná àti owó ẹ̀rọ tún wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ra ìwé lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

A kì í gbé etí odò kí a fi itọ́ fọ ojú. Ẹ̀kọ́ Fínlándì kò ju mẹ́ta lọ: gbìn ju bí o ti gé lọ, ẹ parapọ̀ tà, má sì fi ọjà kan ṣoṣo ṣe gbogbo ìrètí rẹ. Ẹ̀kọ́ Jámánì jẹ́ ọ̀kan: púpọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ni a fi ìwé àti páálí àlòkù ṣe. Kí olúkúlùkù gbin igi sí ipò èyí tí ó gé, kí ẹ sì máa kó páálí jọ dípò kí ẹ sun ún. Bí ilé iṣẹ́ bá tún dìde lọ́jọ́ kan, yóò bá ohun èlò nílẹ̀.