Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kékeré Fi Ọwọ́ Kan Nǹkan: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Òbí ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀



Ní ilé tí wọ́n bá ti ń ṣe púpurú, ìbáà ṣe ní Òkìtìpupa, ní Igbótako, ní Òde-Ayé tàbí ní Òde-Ìrèlè, ohun kan wà tí kò ṣàjèjì sí ojú àwọn ìyá. Bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn bá ti jí, ibi tí omi, iyanrìn àti ìyẹ̀fun gbé wà ni yóò forí lé. Yóò ki ọwọ́ bọ omi, yóò bu iyanrìn sórí, yóò sì fi ìyẹ̀fun kun ojú. Ìyá a kígbe mọ́ ọn, a gbé e kúrò, a sì wẹ̀ ẹ́. Kò ní pẹ́ kí ó tó padà síbẹ̀. Wàhálà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wò ó fínnífínní yóò rí i pé ẹ̀kọ́ ni ọmọ náà ń kọ́.

Ọmọ tí kò ì tí ì lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́, ẹnu, imú, etí àti ojú ni ìwé rẹ̀. Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó gbé ayé láti 1896 sí 1980, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàkíyèsí àwọn ọmọ ọwọ́, títí kan àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó kọ́ni pé láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí ọmọ títí di nǹkan bí ọdún 2, ohun tí ó ń fọwọ́ kàn, tí ó ń mì, tí ó sì ń dà sílẹ̀ ni ó fi ń ronú. Ọmọ tí ó ń da omi láti inú igbá sínú abọ́ ń mọ̀ pé abọ́ kékeré kò lè gba omi igbá ńlá. Èyí tí ó ń fún amọ̀ mọ́wọ́ ń mú kí ìka rẹ̀ lágbára, ìka náà ni yóò sì fi di kálámù mú lọ́jọ́ iwájú.

Nígbà tí Dókítà Maria Montessori ṣí ilé àwọn ọmọdé ní Róòmù ní 1907, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tálákà ni wọ́n kó jọ síbẹ̀. Lára ohun tí ó di ẹ̀kọ́ pàtàkì lábẹ́ ìlànà rẹ̀ ni gbígbá ilẹ̀, fífọ ọwọ́ àti dída omi láti inú ohun èlò kan sínú èkejì. Lónìí, owó gọbọi ni àwọn kan ń san kí ọmọ wọn lè kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ìkálẹ̀ lè kọ́ ọ lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé a kì í fi oúnjẹ ṣeré, òdodo ọ̀rọ̀ sì ni. Oúnjẹ tí àgbẹ̀ fi òógùn ojú wá kì í ṣe ohun à-ń-fọ́n-dànù. Nítorí náà, kì í ṣe púpurú àjẹsùn ni kí ìyá gbé fún ọmọ. Ẹ̀kọ tútù díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù láàárọ̀ ọjọ́ náà ti tó. Bí wọ́n bá kán epo pupa sí i, tí ọmọ sì fi ìka pò ó, yóò rí i bí funfun ti ń di àwọ̀ ìyeyè lójú ara rẹ̀. Bí ó bá fi kan ẹnu, kò ní pa á lára. Nígbà tí eré bá parí, ewúrẹ́ yóò jẹ èyí tí ó kù.

Èyí tí kì í ṣe oúnjẹ pọ̀ jọjọ. Iyanrìn odò tí wọ́n ti ṣàn, tí wọ́n sì sá sóòrùn, dára púpọ̀. Ọmọ lè fi èèpo àgbọn bù ú, kí ó fi omi díẹ̀ rin ín, kí ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ó di òkìtì kékeré. Ìlú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Òkìtìpupa kò lè ṣàìní ilẹ̀ pupa. Amọ̀ tí ó mọ́ ni ọmọ ọdún 3 lè fi mọ ìkòkò, àkàrà àti ewúrẹ́. Ṣùkù àgbàdo, háríhá, igbá kékeré, ajọ̀ tí ó ti gbó, àti agolo tí wọ́n dá ihò sí nídìí, tí wọ́n sì ti tẹ etí rẹ̀ kí ó má baà ya ọmọ lọ́wọ́, ohun èlò ni gbogbo wọn.

Bí ọmọ ti ń ṣeré ni kí ìyá máa bá a sọ̀rọ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ẹnu lásán ṣàlàyé múlọ́múlọ́, ságisági, kíki tàbí yíyọ̀ fún ọmọ ọdún 2, àfi bí nǹkan náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìyá sọ ọ́ ní èdè Ìkálẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n sọ jù lọ, kí ó má sì bẹ̀rù pé yóò fa ọmọ sẹ́yìn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá, kódà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n eré kò gbọdọ̀ di ẹkún. Ẹ̀gẹ́ tútù ní oró nínú. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ìyá wa àtijọ́ fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ púpurú sómi fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n sì ń yan ìṣù rẹ̀ lórí iná. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, omi tí wọ́n fi rẹ ẹ́ àti èyí tí wọ́n fún kúrò lára rẹ̀ kò yẹ ní ọwọ́ ọmọ. Ẹ̀wà, ẹkùrọ́ àti hóró àgbàdo lè há ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3 lọ́fun, wọ́n sì lè bọ́ sí i nímú. Omi tí kò ju ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ nínú abọ́ tó láti pa ọmọ kékeré. Nítorí náà, ẹni tí ó gbé omi fún ọmọ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, kí ó sì da omi náà nù bí eré bá ti parí. Kẹrosíìnì, omi eérú ọṣẹ àti epo gbígbóná gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọmọ. Ilẹ̀ tí ẹran ń yàgbẹ́ sí kì í ṣe ibi eré, nítorí aràn. Lẹ́yìn eré, omi àti ọṣẹ ló kàn.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú ni pé, ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, fóònù ni wọ́n ń gbé fún ọmọ kí ó lè dákẹ́. Ní àwọn jẹ́léósinmi kan, wọ́n ń fi ipá mú ọmọ ọdún 2 jókòó kí ó máa kọ ABD. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí ọmọ ọdún 1 má ṣe jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Wọ́n ní kí ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 1 sí 4 máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 180, ó kéré tán, lójoojúmọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003 pàápàá ka eré mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ; àgbà ni yóò gbé ohun tí ó wà lókè sọ̀ fún un. Bí ìyá kò bá ráyè, kí bàbá, ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n jókòó ti ọmọ fún ààbọ̀ wákàtí, kí wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó fọwọ́ pò ó. Aṣọ tí ó dọ̀tí, omi yóò fọ̀ ọ́. Ohun tí ọmọ bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ kò ní tètè gbàgbé.