Òkúta inú kíndìnrín: ìgbà tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la

Ọ̀rọ̀ òkúta inú kíndìnrín ni mo mú wá lónìí, àgàgà bí ó bá mú ẹni tó ti lé ní 60 ọdún.

Kíndìnrín méjì ni a ní, ní ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun ìhà. Àwọn ni ó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ìtọ̀. Bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn tí kò mu omi tó, ìtọ̀ rẹ̀ a ki, iyọ̀ inú rẹ̀ lè dì, kí ó di òkúta. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sínú àpò ìtọ̀ kò fẹ̀ ju mílímítà 3 tàbí 4 lọ. Òkúta tí kò tó mílímítà 5 sáábà máa ń bá ìtọ̀ jáde. Èyí tó ju 10 lọ, ó ṣòro kí ó jáde láìsí ọwọ́ dókítà.

Bí òkúta bá há, ìrora á dé lójijì ní ìhà, á sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́. Aláìsàn kò ní lè jókòó, kò ní lè dùbúlẹ̀. Á máa bì. Ìtọ̀ rẹ̀ lè pọ́n.

Ìrora yìí ni gbogbo ilé ń sá sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń pa àgbà. Ìtọ̀ tó sé mọ́ ẹ̀yìn òkúta, tí kòkòrò àìsàn wọ inú rẹ̀, òun ni ẹ bẹ̀rù. Kòkòrò náà a gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ láàárọ̀ lè má dá yín mọ̀ nírọ̀lẹ́.

Bí ẹ bá rí ibà àti òtútù tó ń gbọ̀n ènìyàn, tàbí tí ìtọ̀ kò jáde mọ́, ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà, kódà bí ó bá jẹ́ òru. Àgbà lè má ní ibà rárá. Ara rẹ̀ lè tutù. Bí ìyá àgbà bá ṣàdédé ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má sọ pé ogbó ni. Oní-ìtọ̀ ṣúgà àti ẹni tó ní kíndìnrín kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dúró wò ó.

Ẹ má sì fi ẹnu ara yín sọ pé òkúta ni. Bàbá tó ń mu sìgá tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí irú ìrora yìí kọ́kọ́ mú, tí òógùn tútù bò ó, tí ojú ń ṣú u, ó lè jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn ló ń ya. Ìyẹn kò fún ni láàyè wákàtí.

Ní ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ nìkan kò tó nígbà tí ọ̀nà bá dí. Dókítà yóò ti ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín gba ọ̀nà ìtọ̀ wọlé, tàbí kí ó gba ẹ̀yìn wọ kíndìnrín, kí ìtọ̀ lè ṣàn jáde. Òkúta fúnra rẹ̀ yóò dúró di ìgbà tí kòkòrò bá kúrò lára. Ẹbí máa ń bínú pé, “Wọn kò tíì yọ ọ́!” Ẹ fi ọkàn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ilé ìwòsàn abúlé lè má ní irinṣẹ́ yìí. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì tètè júwe ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ẹ má fi agídí rọ omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Omi dára lójoojúmọ́ kí òkúta má baà dì, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti sé, ṣe ni yóò tún fún ibẹ̀ pọ̀. Diclofenac tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà lè ba kíndìnrín àgbà jẹ́, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Kí ẹ tó gbéra, kí ẹni tó mọ̀wé nínú ilé mú bébà. Kí ó kọ wákàtí tí ìrora bẹ̀rẹ̀, wákàtí tí aláìsàn tọ̀ kẹ́yìn, àti orúkọ gbogbo oògùn tí ó ti lò, àgbo náà pẹ̀lú. Ẹ fi bébà náà lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ bí ẹ bá ti ń wọlé.