Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Òṣìṣẹ́ Ilé Ìkàwé àti Ẹ̀kọ́ Orí Ayélujára

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Biétry, Abidjan

Biétry tí a wà yìí, etí ọ̀sà ló wà, òkun ò sì jìnnà sí wa. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ omi náà kí n tó jókòó.

Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ ni bí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tó ti dàgbà, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá bá ọmọ àti oúnjẹ alẹ́ nílé, ṣe lè fúnra rẹ̀ kọ́ àwọn irinṣẹ́ tuntun orí ayélujára, díẹ̀díẹ̀, láìlọ jókòó ní kíláàsì. Ó ṣeé ṣe. Wọ́n ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ẹ̀kọ́ ìwọ̀n-ara-ẹni yìí, tí oníkálùkù ń fi ìyára tirẹ̀ kọ́, ni ẹ̀kọ́ àdánìkankọ́, onítọ̀hún ti ṣì í mú, àṣìmú yìí ló sì ń ba irú ètò bẹ́ẹ̀ jẹ́ káàkiri ilẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọjà Treichville ná. Láti ayé ìjọba Faransé ni àwọn ènìyàn wa, ọmọ Yorùbá láti Èjìgbò ní Ọ̀ṣun, ti ń kó ẹrù wá sí ìlú yìí, tí àwọn onílé sì ń pè wọ́n ní Anango. Ìyá tó ti Èjìgbò dé lánàá, kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Júlà. Ta ló kọ́ ọ? Lọ́jọ́ kìíní, ó gbọ́ «c'est combien», ìyẹn «èló ni», lẹ́nu oníbàárà, ó fi ìka ka iye. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà ní «faut diminuer», kò yé e, obìnrin tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló túmọ̀ rẹ̀ fún un pé kí ó dín owó kù ni. Kí ọdún tó yípo, ó ti ń ná ọjà lédè méjì. Ẹ wo ohun tó ràn án lọ́wọ́: ohun kékeré ló ń kọ́ lójúmọ́, ó ń lo èyí tó kọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹnì kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó lè bi léèrè, bó bá sì ṣì í sọ, ẹ̀rín lásán ni wọ́n á fi rín in, ẹnikẹ́ni ò ní tìtorí rẹ̀ gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kí a sọdá sí Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, obìnrin kan tó ń jẹ́ Helene Blowers gbé ètò kan kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé gbogboogbò ìlú Charlotte àti agbègbè Mecklenburg, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Learning 2.0 ló pè é, ṣùgbọ́n orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí ni 23 Things, ìyẹn ohun 23. Àròkọ kan tí Stephen Abram kọ ló ta á lólobó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni ètò náà gbà. Wọn kò pe olùkọ́ kankan. Wọ́n kàn to ohun 23 kalẹ̀, wọ́n ní kí oníkálùkù lọ wá a rí, kí ó dán an wò, kí ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sí ojú-ìwé tirẹ̀ lórí ayélujára, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lè kà á. Wọ́n gbé fọ́tò sórí Flickr. Wọ́n to ìwé inú ilé wọn sí LibraryThing. Wọ́n wo YouTube, wọ́n gbọ́ podcast, wọ́n jọ kọ ojú-ìwé wiki. Ẹni tó bá parí gba ẹ̀rọ MP3 kékeré kan.

Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbọ́ ni ọ̀rọ̀ nípa ìwà méje àti ààbọ̀ tí ẹni tó fẹ́ máa kọ́ ẹ̀kọ́ títí ayé gbọ́dọ̀ ní. Lori Reed ló ṣe é. Gbígba ẹrù ẹ̀kọ́ ara ẹni sórí ara ẹni wà nínú rẹ̀, kíkọ́ ẹlòmíràn náà wà nínú rẹ̀. Ààbọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ni èmi fẹ́ràn jù: eré. Kí o máa ṣeré. Àwa tí a dàgbà sábẹ́ ọ̀gá tó ní «má fọwọ́ kàn án, ó lè bàjẹ́», ààbọ̀ yìí ló nira fún wa ju méje tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Blowers kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ètò náà. Ó fún gbogbo ènìyàn láṣẹ láti dà á kọ àti láti tún un ṣe, lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons, láìgba owó. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó tàn ká ayé. Nígbà tó fi máa di 2010, àwọn ilé ìkàwé Yunifásítì Oxford àti ti Cambridge ti ń ṣe tiwọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí o. Ọ̀pọ̀ nínú irinṣẹ́ 2006 wọ̀nyẹn ti kú. Bloglines ti lọ, Rollyo ti lọ, del.icio.us ti di ìtàn. Google Reader, tí ọ̀pọ̀ ṣí lọ bá lẹ́yìn Bloglines, Google fúnra rẹ̀ pa á ní 2013. Ṣé asán wá ni làálàá àwọn òṣìṣẹ́ Charlotte? Rárá. Ẹni tó ti kọ́ irinṣẹ́ 23 láìsí olùkọ́, ìkẹrìnlélógún kò ní dẹ́rù bà á. Ohun tí wọ́n kọ́ gan-an ni bí ènìyàn ṣe ń wọ ibi tí kò dé rí, kí ó wo òsì, kí ó wo ọ̀tún, kí ó sì rí ọ̀nà.

Mo ti rí òdìkejì rẹ̀. Ní ilé ìkàwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n ra kọ̀ǹpútà, wọ́n sì mú onímọ̀ kan wá láti òkè òkun, tó fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ wa. Ó ń sáré sọ̀rọ̀, àwòrán ń yí lára ògiri, àwa ń kọ sínú ìwé. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pín ìwé ẹ̀rí, a ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì. Lẹ́yìn oṣù kan, mo wọ yàrá náà. Kọ̀ǹpútà ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá. Màmá àgbàlagbà kan tó ń ṣe àkójọ orúkọ ìwé ń fi bírò kọ káàdì bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ìwọlé wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá sì rin ìrìn àjò. Màmá yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ojú-ìwé mẹ́rìnlá ló kọ nínú ìwé rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, mo fojú mi rí i. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe fún un ni kò bá ìwọ̀n rẹ̀ mu.

Nílẹ̀ Áfíríkà, ẹgbẹ́ AfLIA, tó kó àwọn ẹgbẹ́ àti àjọ ilé ìkàwé ilẹ̀ wa pọ̀, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Accra, ti gbé ẹ̀kọ́ lórí Wikipedia kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Àwọn ará Wikipedia pẹ̀lú ní àṣà kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tí wọ́n ń pè ní #1Lib1Ref: kí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀rí kan ṣoṣo kún Wikipedia. Ẹyọ kan péré. Mo jókòó ti ọ̀dọ́bìnrin kan nílùú yìí nígbà tó ń ṣe tirẹ̀. Ó ṣí ojú-ìwé kan lédè Faransé nípa abúlé kan létí ọ̀sà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kan, wọ́n kọ «réf. nécessaire», ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́ ẹ̀rí. Ó dìde, ó lọ sí àpótí ìwé, ó mú ìwé ìtàn kan tí eruku ti bò, ó wá ojú-ìwé rẹ̀. Ó padà jókòó. Ó tẹ àmì tí a fi ń tún ọ̀rọ̀ ṣe, ó kọ orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún, nọ́ńbà ojú-ìwé. Nígbà àkọ́kọ́, ó tẹ ibi tí kò yẹ, gbogbo rẹ̀ pòórá, ó kígbe. Obìnrin tó jókòó lápá kejì tábìlì rọra fi ìka tọ́ ọ sọ́nà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó wọlé. Tíì rẹ̀ kò tíì tutù nígbà tó mú ìwé kejì.

Ìwé yẹn ti wà nínú àpótí láti ọdún gbọọrọ láìsí ẹni tó ṣí i. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ ilé-ìwé tó wà ní Bouaké tàbí ní Paris lè mọ̀ pé ó wà. Iṣẹ́ ilé ìkàwé nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀: Bernard Dadié, àgbà òǹkọ̀wé ilẹ̀ yìí tí wọ́n bí ní 1916, tó sì papò dà ní 2019, ilé ìkàwé àti ibi ìpamọ́ ìwé IFAN ní Dakar ló ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀.

Ó tó àkókò láti padà sórí omi. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íńtánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá já níwájú Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Ẹ rántí ọjọ́ náà. Fóònù wà lọ́wọ́, kò sí ohun tó ń wọlé. Àwọn báǹkì ní Nàìjíríà pàápàá fara gbá a. Níbi tí àwọn okùn náà ti já, ihò jíjìn abẹ́ òkun kan wà níbẹ̀, èyí tí àwọn Faransé sọ ní Trou-sans-Fond, tí ọ̀nà omi Vridi tí wọ́n là ní 1950 kò jìnnà sí. Ẹ̀kọ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan, lọ́jọ́ náà ló máa kú. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹni tó bá ń ṣètò irú ẹ̀kọ́ yìí pé kí gbogbo rẹ̀ ṣeé gbà sórí fóònù pa mọ́. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Kiwix, tó lè gbé Wikipedia sínú kọ̀ǹpútà tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Kí òun jẹ́ ohun kìíní nínú ohun 23 tiyín. Ẹni tí dátà rẹ̀ tán lọ́jọ́ Àlàmísì yóò lè bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ bí kò tilẹ̀ rówó ra òmíràn títí di ìparí oṣù.

Ọ̀rọ̀ èdè náà ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀kọ́ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Òṣìṣẹ́ Abidjan ń fẹ́ ẹ ní Faransé. Ta ló gbọ́ méjèèjì ju ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí ní Treichville tàbí Koumassi, tó lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Ọ̀ṣun? Níwọ̀n bí àwọn tó ṣe ẹ̀kọ́ náà ti fún wa láṣẹ àtúnṣe, iṣẹ́ ìtumọ̀ yìí wà níwájú àwọn ọmọ yín. Wọ́n sì lè ṣe ti Yorùbá mọ́ ọn.

Èmi náà mọ àrùn tó ń pa ẹ̀kọ́ ìwọ̀n-ara-ẹni. Ọ̀la ni. Ọ̀pọ̀ ló ń forúkọ sílẹ̀, díẹ̀ ló ń parí, nítorí pé ohun tí kò ní ọjọ́ ni wọ́n máa ń sún síwájú. Láti 2015 ni Côte d'Ivoire ti ní yunifásítì orí ayélujára tirẹ̀, ìyẹn UVCI. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń wọ ilé ìkàwé yín lónìí pẹ̀lú ìbéèrè tí káàdì àti bírò kò lè dáhùn. Wọn ò ní dúró de ọ̀la wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ilé ìkàwé tí ẹ wà níbí, mo bẹ̀ yín. Ẹ mú ìwé ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ kọ wákàtí kan sí i fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, láàárín iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwọlé sọ́wọ́ wọn. Kí ẹ̀yin fúnra yín sì jókòó sí tábìlì kan náà, kí ẹ bá wọn kọ́ ọ.