ILÉ ÌDÁNÁ TÍ AGBÁRA WA GBÉ



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn: bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ yóò ṣe ṣètò ilé ìdáná tuntun. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn ará ilé wa ti ń lo wákàtí púpọ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ náà sì ni owó ọ̀pọ̀ ẹni tí ń kọ́lé ti ń ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí mo kọ́ ilé mi, táìlì funfun ni mo kọ́kọ́ ra fún ilé ìdáná. Fèrèsé kan ṣoṣo ni mo fi síbẹ̀, ó kéré, ó sì kọjú sí ògiri aládùúgbò. Kò pẹ́ tí èéfín fi sọ táìlì di dúdú, tí ojú ìyàwó mi sì ń ṣomi nígbà gbogbo. Kí a tó lè la fèrèsé kejì, a fọ́ ògiri, a sì fọ́ táìlì mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó iṣẹ́ kan.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: ohun tí yóò ṣòro láti yí padà lẹ́yìn tí a bá ti rẹ́ ògiri tán ni kí á kọ́kọ́ náwó lé.

Èkíní ni ọ̀nà afẹ́fẹ́. Kí fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ méjì, kí afẹ́fẹ́ gba ọ̀kan wọlé, kí èéfín gba èkejì jáde. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ ojú tí ń ṣomi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni èéfín inú ilé ṣe okùnfà ikú wọn.

Èkejì ni omi: ibi tí páìpù yóò gbà wọlé, àti ibi tí omi ìdọ̀tí yóò gbà ṣàn jáde.

Ẹ̀kẹta ni iná. Ẹni tí yóò lo gáàsì, kí ó ti pèsè àyè fún sílíńdà ní ìta láti ìbẹ̀rẹ̀. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò nínú ilé, ìsàlẹ̀ ni í kóra jọ sí, kì í gba ojú fèrèsé jáde wẹ́rẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni gíga pẹpẹ. Kí bíríkìlà tó da kọnkéré rẹ̀, ẹ pe ẹni tí yóò máa dáná níbẹ̀, kí ó dúró, kí ẹ sì wo ìgbúnwọ́ rẹ̀. Kí pẹpẹ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kí ó má rẹlẹ̀ débi tí yóò máa tẹ ẹ̀yìn ba. Bàbá ilé tí kò bi í léèrè ń kọ́ ẹ̀yìn ríro fún un.

Táìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù lè dúró. Pákó tí a kàn mọ́ ògiri, tí a fi aṣọ mímọ́ bò níwájú, yóò gbé àwo fún ọdún púpọ̀. Ẹ má tìtorí ẹwà tọrùn bọ gbèsè. Àlejò tí ẹ ń lẹ táìlì nítorí rẹ̀, pálọ̀ ni yóò jókòó sí. Ará ilé yín ni yóò wà nínú èéfín.

Kí Ọlọ́hun fi ìrọ̀rùn sí ilé wa, kí Ó sì bùkún ìwọ̀nba tí ó wà lọ́wọ́ wa. Àmín.