Ẹni Tó Gbé Ìbọn Ìlú Dání Gbọ́dọ̀ Jíhìn fún Ìlú



Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ará ìlú ní nínú ọlọ́pàá ni ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó péjọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́: níbi tí ẹni tó gbé ìbọn ìlú dání kò bá ti jíhìn fún ìlú, ìwàásù kankan kò lè mú kí ìlú fọkàn tán an.

Ojú àwọn baba wa rí èyí. Nígbà tí Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, fi ajẹlẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, iṣẹ́ tí a rán wọn ni láti gba ìṣákọ́lẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ ojú àti etí fún àwọn ọ̀gá wọn nílé. Bẹ́ẹ̀ bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ń kó ẹran ọ̀sìn ẹlẹ́ran, wọ́n ń fọwọ́ kan aya aláya, ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ kò rí ibi tí yóò gbé ẹjọ́ wọn lọ. Ní ọdún 1878, Fábùnmi, akọni Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹlẹ̀ ìlú rẹ̀. Ogun Kírìjì tí èyí dá sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì òun Ìjẹ̀ṣà gbóná janjan, ó sì di ọdún 1886 kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà.

Ẹ wo ti ayé tiwa. Ẹ̀ka ọlọ́pàá Nàìjíríà tí a ń pè ní SARS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 láti gbógun ti adigunjalè, ló padà di ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ, tó fi jẹ́ pé fóònù olówó ńlá tàbí irun dídì nìkan ti tó ẹ̀sùn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ìjọba tú ẹ̀ka náà ká ní ọjọ́ 11. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 20, ìbọn àwọn ológun dún ní Lẹ́kí, l'Ékòó, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ náà kóra jọ sí. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀, tí Adájọ́bìnrin Doris Okuwobi ṣe alága rẹ̀, jókòó fún bí ọdún kan, ó sì ní kí wọ́n san owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù náírà fún àwọn tí ọlọ́pàá ti ṣe níkà. Owó náà dára, ṣùgbọ́n owó kì í dárúkọ ẹni tó yìnbọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ sì jábọ̀ ní 2021, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ ohun tó ṣe kókó jù nínú ohun tí wọ́n rí ní Lẹ́kí. Àwọn àgbà ní a kì í mọ ẹjọ́ọ́ dá ká dá ara ẹni láre.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wà yìí náà kò mọ́. Àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà pa Stephen Lawrence, ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú, ní Eltham ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1993. Ní 1999 ni ìwé ìwádìí Macpherson lórí ikú rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti fìdí múlẹ̀ nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù. Láti 2018, IOPC, àjọ tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá, ló ń wádìí ikú tó bá tọwọ́ ọlọ́pàá wá, síbẹ̀ ìwádìí Louise Casey ní 2023 tún bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà náà nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù. Ìlérí tí a kò ṣọ́ títí yóò fi ṣẹ, ilé tí a fi itọ́ mọ ni. Ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, kí a tó na ìka sí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká wo Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn gómìnà wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn ní Oṣù Kìíní ọdún 2020. Ọmọ wa ni, a sì ń yangàn rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a fi wọn SARS ni kí a fi wọn òun náà. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Oòduà yìí kọ̀wé sí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà pé, bí ìbọn Àmọ̀tẹ́kùn bá pa ènìyàn, kí àwọn tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá wọn ṣèwádìí, kí wọ́n sì ka àbájáde rẹ̀ fún ìlú láìfi orúkọ ẹni tó yìnbọn pamọ́. Ẹ jẹ́ ká tún ya owó sọ́tọ̀ fún agbẹjọ́rò, nítorí ẹbí tí kò lówó kì í pẹ́ dákẹ́.

Ọlọ́run yóò fún wa ní ẹ̀ṣọ́ tí yóò ṣọ́ wa, yóò sì fún wa ní ẹnu láti bi wọ́n léèrè. Ire o.