ONÍFỌ́TÒ ÀDÚGBÒ WA

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ẹgbẹ́ wa, Ugbor, ìlú Benin

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni n ó sọ, nítorí pé iṣẹ́ ọba ni mo ṣe jẹun. Mo ní rárá, ọ̀rọ̀ onífọ́tò ni mo fẹ́ sọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Gbèsè tí mo jẹ

Ní 1994, a sọ ọmọ wa lórúkọ ní Ugbor níbí. Onífọ́tò kan wà ní àdúgbò, ọmọ Ẹ̀dó ni. A kò pè é, òun ló wá fúnra rẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà náà. Wọ́n á ya èrò, wọ́n á lọ fọ fíìmù, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n á kó fọ́tò dé ẹnu ọ̀nà ẹni. Àpò ara rẹ̀ ni owó fíìmù àti owó fífọ̀ ti jáde. Ó kó mẹ́wàá wá. Mo mú mẹ́rin, mo ní n kò fẹ́ mẹ́fà yòókù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a padà. Nínú mẹ́fà yẹn ni ọ̀kan wà tí ìyá mi gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, tí ó ń wò ó, tí kò tilẹ̀ wo kámẹ́rà.

Ní 2003, ìyá mi kú. A wá fọ́tò tí a ó fi sí ìwé ìsìnkú. Gbogbo èyí tó wà nílé, àárín èrò ló wà, gèlè ẹlòmíràn ti bo ìdajì ojú rẹ̀. Ni mo bá rántí. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà, ojú ń tì mí. Ó fa agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ tábìlì. Nẹ́gátíìfù ló kún inú rẹ̀, ó ti kọ ọdún àti orúkọ àdúgbò sára ìdì kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ní, "Ọ̀gá, màmá nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ san owó mẹ́fà ìjọ́sí kí á tó sọ ti òní." Mo san án. Fọ́tò náà wà lára ògiri pálọ̀ mi di òní.

Àwọn tó ṣáájú

Ìlú Benin tí a wà yìí kì í ṣe àjèjì nínú iṣẹ́ fọ́tò. Ní 1897, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin, wọ́n ya ara wọn níbi tí wọ́n jókòó sáàárín ère idẹ àti eyín erin tí wọ́n kó. Bí ayé ṣe rí Benin nínú fọ́tò nígbà náà nìyẹn, láti ojú ẹni tó wá jà á lólè.

Ẹni tó yí ojú kámẹ́rà padà ni Olóyè Solomon Osagie Alonge, tí a bí ní 1911, tó sì kú ní 1994. Èkó ló ti kọ́ṣẹ́. Ó padà wá sílé, ó sì ṣí Ideal Photo Studio ní 1942. Òun ni onífọ́tò ààfin láyé Ọba Akenzua Kejì àti Ọba Erediauwa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọba nìkan ló yà. Tíṣà, ìyàwó ilé, ọmọ ilé ìwé àti ìdílé tó wọ aṣọ tuntun náà jókòó níwájú rẹ̀. Ní 2014, mùsíọ́mù Smithsonian ní Washington pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀, ní 2017 wọ́n sì gbé àfihàn náà wá sí mùsíọ́mù wa ní Ring Road. Ó ṣeé ṣe nítorí pé ẹnìkan tọ́jú nẹ́gátíìfù rẹ̀.

Ẹ rántí J. D. 'Okhai Ojeikere pẹ̀lú, ọmọ Emai ní ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó yìí. Ní 1950 ló ra kámẹ́rà Brownie kékeré kan tí kò ní iná. Ó ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn àti l'Ékòó. Láti 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin wa láti ẹ̀yìn orí, irun dídì àti kíkó, títí ó fi lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀. Ohun tí a ń tú dànù lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ó sọ ọ́ di ohun tí kò lè parẹ́.

Ọgbọ́n inú iṣẹ́ náà

Ẹni tó bá wo onífọ́tò lókèèrè á ní bọ́tìnnì lásán ló ń tẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà fíìmù dúdú àti funfun, pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń pa àpá ojú rẹ́ lára nẹ́gátíìfù, wọ́n á sì fi ọ̀dà kun ètè àti aṣọ lára fọ́tò. Kóòtù kan, táì kan àti aago ọwọ́ kan máa ń wà ní sítúdíò fún oníbàárà tí kò ní. Bí NEPA bá mú iná lọ, ọkùnrin tiwa á gbé àga síta, á ta aṣọ funfun sára ògiri, á sì ní kí ọmọ rẹ̀ gbé páálí funfun dání kí oòrùn lè padà sójú ẹni tó fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ìbejì. Ní 1978, òyìnbó kan, Stephen Sprague, kọ̀wé nípa ohun tó rí ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, wọ́n á ya èyí tó kù, onífọ́tò á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, ìbejì á sì jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, èyí tó kù á wọ aṣọ ara rẹ̀, á tún wọ ti ìkejì. Ìyá á ní ohun tí ó ń wò. Ẹ sọ fún mi, ṣé bọ́tìnnì nìyẹn?

Ẹ̀bẹ̀ mi

Onífọ́tò wa kú ní 2016. Ọjà fóònù ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo bèèrè àwọn agolo, àwọn ọmọ rẹ̀ ní òjò ti jò wọ inú ilé, ọ̀pọ̀ fíìmù ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Mẹ́ta péré ló kù dáadáa, wọ́n sì kó wọn fún mi.

Mo bẹ̀ yín nítorí náà. Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe ná onífọ́tò mọ́ ògiri. Ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Ìkejì, ẹ kọ orúkọ, ibi àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò kí àwọn tó mọ̀ wọ́n tó lọ tán. Ìkẹta, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sínú fóònù nìkan. Bí fóònù bá sọnù, ìyá yín bá a lọ. Ìkẹrin, mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí dáwó, kí á fi kọ̀ǹpútà ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú agolo mẹ́ta náà, kí á sì fún ìdílé ọkùnrin yìí ní ẹ̀tọ́ wọn. Èmi ni n ó kọ́kọ́ dá.

Àwọn agolo náà wà lórí tábìlì lẹ́yìn yẹn. Bí a bá parí, ẹ wá gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀, ní ẹ̀sọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ẹni tí ẹ ti ń wá.