Ọkọ́, Ọkọ̀ àti Ọwọ́ Tí Ń Lò Wọ́n: Àkíyèsí Lórí Àbùkù Inú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́



Mo mọ̀ pé nígbà tí ìwé ìpè dé ọwọ́ yín, ẹnu ya àwọn kan. Wọn yóò ti máa wí nínú ara wọn pé: kí ni ó kan ilé-ẹ̀kọ́ gíga nínú bọ́tìnnì tí ó ṣòro rí tàbí jíà tí kò yé ènìyàn? Ṣé ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì kọ́ ni èyí? N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé àwọn àbùkù kéékèèké tí ń bí wa nínú lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀, àti àwọn tí ń pa ènìyàn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àti pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ tí ó lo nǹkan ni a ń dá lẹ́bi nítorí ohun tí ọwọ́ tí ó ṣe é kò ṣe dáadáa.

Ọkọ́ àti Ọkọ̀

Ohùn orí fáwẹ́lì ìkẹyìn nìkan ni ó ya ọkọ́ àgbẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀nà tí a gbà ṣe àwọn méjèèjì, wọ́n jìnnà sí ara wọn gidigidi. Ìlú kan náà ni alágbẹ̀dẹ àti àgbẹ̀ jọ ń gbé. Bí igi ìdìmú ọkọ́ bá kúrú jù, tàbí bí irin rẹ̀ bá wúwo jù, kí ọjà tó tún pé ni àgbẹ̀ yóò ti gbé e padà wá, yóò ní, "Ọkọ́ yìí mú kí ẹ̀yìn máa ro mí." Alágbẹ̀dẹ yóò gbọ́, yóò sì tún un ṣe. Ó mọ ẹni tí yóò lò ó, ó mọ irú ilẹ̀ tí yóò fi ro, ó sì mọ̀ pé ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń ro oko.

Ọ̀ràn ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ya àwòrán ọkọ̀ lè wà ní Jámánì tàbí ní Japan. Ẹni tí yóò wà á lè wà ní Ṣakí, lẹ́yìn tí ẹni mẹ́ta mìíràn ti lò ó. Àwọn méjèèjì kì í fi ojú kan ara wọn. Bí ẹ̀yìn bá ń ro awakọ̀, kò sí alágbẹ̀dẹ tí yóò gbé e lọ bá.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n la ohun tí mo ń pè ní àbùkù yé yín. N kò sọ ti táyà tí ó jò, tàbí ti ẹ̀ńjìnì tí ó kú. Ohun tí ó bàjẹ́ ni ìyẹn, a sì lè tún un ṣe. Àbùkù tí mo ní lọ́kàn ni ti ọkọ̀ tí ó pé pérépéré, tí ó ń ṣiṣẹ́ gan-an bí wọ́n ti yà á sórí ìwé, ṣùgbọ́n tí àwòrán náà fúnra rẹ̀ kò bá ọwọ́, ojú tàbí ìrántí ọmọ ènìyàn mu. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí yóò bá kan pẹpẹ, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè ọwọ́ ẹni tí yóò máa nà sí i.

Ohun Tí Ojú Mi Rí

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú òjò, mo ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀ wá sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ tí mo ń wà kò tíì gbó. Gbogbo ohun tí a fi ń darí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n ti kó sínú gíláàsì kan tí a ń fi ìka kàn, ní àárín dáṣíbọ́ọ̀dù. Lójijì, èémí àwa tí a wà nínú ọkọ̀ bo gíláàsì iwájú, ó funfun bí ìgbà tí ìkùukùu bo òkè. Nínú ọkọ̀ tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi mọ ibi tí bọ́tìnnì rẹ̀ wà nínú òkùnkùn. Nínú èyí, mo ní láti wo gíláàsì kékeré kí n tó lè ríran nínú gíláàsì ńlá. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan, orin ni ó gbé jáde. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó ń bi mí léèrè bóyá mo fẹ́ so fóònù mi mọ́ ọn. Nígbà tí mo fi máa gbé ojú sókè, ọlọ́kadà kan ti wà níwájú mi gbọ̀nràn.

Mo tẹ bíréèkì, Ọlọ́run sì yọ wá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, èmi ni mo jẹ̀bi." Ọkùnrin náà wò mí, omi òjò ń kán lára rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ máa wo ọ̀nà." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti jẹ́ kí n sinmi: ta ni ó gbé ojú mi kúrò lójú ọ̀nà?

Àwọn kan ní ilẹ̀ Sweden ti fi òǹkà wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè yìí. Ní ọdún 2022, ìwé ìròyìn àwọn ọlọ́kọ̀ tí ń jẹ́ Vi Bilägare kó ọkọ̀ tuntun mélòó kan jọ, wọ́n sì fi Volvo V70 kan tí a ṣe ní ọdún 2005 kún un. Wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ ṣe iṣẹ́ mẹ́rin nígbà tí ọkọ̀ ń sáré kìlómítà 110 ní wákàtí kan: irú iṣẹ́ bíi wíwá ilé-iṣẹ́ rédíò kan, tàbí mímú kí ìjókòó gbóná. Nínú Volvo àtijọ́ náà, tí ó ní bọ́tìnnì gidi, ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà. Ọkọ̀ sì ti rin mítà 306. Nínú èyí tí ó gba àkókò jù lọ, MG Marvel R, ìṣẹ́jú-àáyá 44.9 ni ó gbà. Ọkọ̀ sì ti rin mítà 1,372. Ẹ̀yin náà ẹ ro ó wò: ohun tí ó lè wà lójú ọ̀nà láàárín ìrìn tí ó ju kìlómítà kan lọ kì í ṣe kékeré.

Jíà Tí Kò Sọ Ibi Tí Ó Wà

Ọ̀ràn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1965, agbẹjọ́rò ọmọ Amẹ́ríkà kan, Ralph Nader, tẹ ìwé rẹ̀ jáde tí ó pè ní Unsafe at Any Speed. Ohun tí púpọ̀ ènìyàn rántí nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Chevrolet Corvair. Ṣùgbọ́n Nader tún sọ̀rọ̀ lórí jíà. Nígbà náà, nínú àwọn ọkọ̀ kan tí ń yí jíà fúnra wọn, ẹ̀gbẹ́ jíà tí ó lọ́ra jù lọ ni wọ́n fi jíà ìfàsẹ́yìn sí; nínú àwọn mìíràn, ètò náà yàtọ̀. Ẹni tí ó bá kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì lè rò pé iwájú ni òun ń lọ, kí ó sì bá ara rẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn tí òfin ààbò ọkọ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1966, wọ́n pa á láṣẹ pé ipò tí ọkọ̀ kò ti ní lọ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ wà láàárín jíà iwájú àti ti ẹ̀yìn.

A lè rò pé ẹ̀kọ́ yẹn ti wọlé. Rárá o. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Fiat Chrysler pe ọkọ̀ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ padà. Ọ̀pá jíà wọn máa ń padà sí àárín lẹ́yìn tí a bá ti tì í, nítorí náà ọwọ́ kò lè mọ jíà tí ọkọ̀ wà. Awakọ̀ yóò rò pé òun ti so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ yóò sì máa yí lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún náà, ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ òṣèré Anton Yelchin pa ní ilé rẹ̀ ní Los Angeles. Ẹni ọdún 27 ni.

Kọ́kọ́rọ́ Tí Ó Wúwo

Èyí tí ó dùn mí jù lọ ni ti kọ́kọ́rọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ kékeré kan tí ilé-iṣẹ́ General Motors ṣe, bíi Chevrolet Cobalt àti Saturn Ion, ibi tí a ti ń yí kọ́kọ́rọ́ rọ̀ jù. Bí kọ́kọ́rọ́ mìíràn bá pọ̀ lára òrùka rẹ̀, tàbí bí orúnkún awakọ̀ bá kàn án, ó lè yí padà fúnra rẹ̀ lórí eré. Ẹ̀ńjìnì yóò kú, sítíárìn yóò le, àpò afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó gba ènìyàn là kò sì ní ṣí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ihò tí ikú gbà wọlé níhìn-ín kò ju ìrọ̀rùn kọ́kọ́rọ́ lọ. Ní ọdún 2014 ni wọ́n tó pe ọkọ̀ tí ó tó mílíọ̀nù 2.6 padà. Owó gbà-má-bìínú tí wọ́n san lẹ́yìn náà fi hàn pé wọ́n gba ikú ènìyàn 124 mọ́ ọn.

Obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Texas wa irú ọkọ̀ yìí ní ọdún 2004. Ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, ọkùnrin tí ó ń fẹ́, tí ó jókòó tì í, sì kú. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án, òun náà sì gbà ní ilé-ẹjọ́ pé òun jẹ̀bi. Ọdún 2014 ni adájọ́ tó wẹ̀ ẹ́ mọ́. Fún nǹkan bí ọdún 10, ó ń gbé láyé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó pa olólùfẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ka ìtàn rẹ̀, mo rántí ara mi nínú òjò, bí mo ti ń sọ fún ọlọ́kadà pé èmi ni mo jẹ̀bi.

Èsì Fún Àwọn Tí Yóò Takò Mí

Ẹnìkan lè sọ pé kí awakọ̀ kọ́ ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa. Mo gbà. Ẹlòmíràn lè sọ pé àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní ìdí: gíláàsì kan dín owó kù ju ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì lọ, a sì lè yí ohun inú rẹ̀ padà láìtú ọkọ̀ palẹ̀. Òótọ́ ni èyí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ènìyàn a máa gbàgbé, a máa rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù a sì máa bà á. Ẹni tí ó bá ṣe ohun èlò fún ẹ̀dá tí kì í gbàgbé, kì í ṣe ènìyàn ni ó ṣe é fún.

A sì ti rí i pé ó ṣeé ṣe dáadáa. Ní ọdún 1959, Nils Bohlin ti ilé-iṣẹ́ Volvo mú bẹ́líìtì ìjókòó tí ó so ènìyàn níbi mẹ́ta jáde. Ọwọ́ kan ni a fi ń dè é, ó sì bá èjìká àti ìbàdí mu. Volvo jẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn lò ó. Bákan náà, ètò Euro NCAP tí ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún ọdún 2026, pé ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ máàkì tí ó pé gbọ́dọ̀ ní ohun àfọwọ́tẹ̀ gidi fún àwọn nǹkan bíi fèrè, wáípà àti iná tí a fi ń sọ pé a fẹ́ yà.

Nílé Wa Níbí

Ní tiwa, àbùkù a tún máa bá ìrìn-àjò wọlé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì ojú ọ̀nà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Láàárín òru kan, gbogbo ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà ní ọ̀tún di ọkọ̀ alábùkù: ẹni tí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ ńlá sílẹ̀ ní láti yọ ìdajì ọkọ̀ rẹ̀ síta kí ó tó lè rí ohun tí ń bọ̀. Kò sí ohun tí ó yí padà lára ọkọ̀. Ọ̀nà ni ó yí padà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé a kò lè mọ àbùkù ọkọ̀ nípa wíwo ọkọ̀ nìkan.

Lónìí, tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń wà. Ọ̀pọ̀ èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni a kọ gàdàgbà sí ojú aago eré rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ kìlómítà ni òfin ọ̀nà wa ń sọ. Iná ẹ̀ńjìnì yóò sì tàn, yóò kàn sọ pé ọ̀rọ̀ wà, kò ní sọ irú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́. Àrokò tí a kò fi ìtumọ̀ rẹ̀ rán ẹnikẹ́ni ni. Awakọ̀ yóò fi bébà lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò máa lọ.

Ìkádìí

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí àwọn tí ń ṣe ìwádìí ìjàm̀bá lójú pópó bi ọkọ̀ léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́ pé àṣìṣe awakọ̀ ni. Èkejì, kí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ rán akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ jókòó ti awakọ̀ dánfó àti ìyá arúgbó, kí wọ́n wo ibi tí ọwọ́ wọn ń nà sí. Ẹ̀kẹta, kí àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá wá ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ lè fi sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ní pàtó, nítorí ohun tí a kò bá lè dárúkọ, a kò lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Nígbà tí bọ́tìnnì kan bá bí yín nínú lọ́la, ẹ má ṣe kàn pòṣé. Ẹ sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé ọkọ́ náà padà fún alágbẹ̀dẹ, bó ti wù kí ó jìnnà tó.